Lẹ́nu Ta Lo Ti Gbọ́ Ọ?

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀rọ̀ aṣọ á gbòde kan. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ bí lásìkò kan náà, á ti mú àwọ̀ tí wọ́n máa wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta ọdún. Akápò á fi nọ́ńbà àkáǹtì sórí WhatsApp, á sì máa to orúkọ àwọn tó ti sanwó sísàlẹ̀ ara wọn, kí gbogbo ẹgbẹ́ lè rí ẹni tó ti san àti ẹni tí kò tíì san. Ọgbọ́n akápò nìyẹn, mi ò bá a jà. Ẹni tó bá ti gba owó aṣọ lọ́wọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú rí á mọ ìdí ẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà tí mo mọ̀ dáadáa. Fóònù ló ń tún ṣe nítòsí ọjà Òkè-Ajé, iṣẹ́ náà sì mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́dún kan tí ọjà kùtà, kò rí owó aṣọ san. Ojú kọ́kọ́ ń tì í, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ inú gúrúùpù náà ní àkàtúnkà. Ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kan ń fa ẹgbẹ́ sẹ́yìn. Ó ní òun ni wọ́n ń bá wí. Ó kí wọn kú àárọ̀, ó rí àmì búlúù méjì pé wọ́n ti kà á, kò sẹ́ni tó fèsì. Ó ní wọ́n ti jọ dì í pé kẹ́nikẹ́ni má dá òun lóhùn. Kò pẹ́, bí méjì nínú wọn bá dúró ní òpópónà Fọlágbádé tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó ti mọ ẹni tí wọ́n ń fi rín in. Kí Iléyá tó dé, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù mọ́, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, òru ló ń lajú sílẹ̀, ọ̀sán ló ń sùn. Ìyá rẹ̀ wá bá mi pé, "Màmá Nọ́ọ̀sì, àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ mi ti ṣe é."

Mo pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Gbogbo ohun tí o ní wọ́n ń sọ nípa rẹ yìí, lẹ́nu ta lo ti gbọ́ ọ?" Ó ronú títí. Kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń sọ gan-an?" Ó ní wọ́n ń sọ pé òun ò já mọ́ nǹkan kan, pé ẹgbẹ́ òun ti lọ, òun nìkan ló kù lẹ́yìn. Mo ní, "Ìwọ alára ńkọ́? Tí o bá dùbúlẹ̀ lóru tí oorun ò wá, kí lo máa ń sọ fún ara rẹ?" Ó wolẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, kò yọ kò yẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí nìyẹn. Bí èèyàn bá ti jókòó ṣẹjọ́ ara rẹ̀ nínú ọkàn, tó sì ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ tí á fi máa gbọ́ ìdájọ́ náà lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn. Á rí i lójú ẹni tó kọjá tí kò kí i. Á gbọ́ ọ nínú ẹ̀rín tí kò kàn án. Àwọn èèyàn tó wà níta kò sọ nǹkan kan, òun ló gbé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sí wọn lẹ́nu. Bó bá sì ti gbà pé gbogbo ayé ló ń kẹ́gàn òun, á sá fún wọn. Bó bá sá tán, kò ní rí ẹni tó máa sọ ohun tó yàtọ̀ fún un mọ́, ọkàn rẹ̀ á túbọ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì rí àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ báyìí lásán tó wá di ohun tí a ń fi abẹ́rẹ́ àti oògùn bá jà.

Mo ní kí ọmọ náà lọ bi akápò fúnra rẹ̀ ohun tó ní lọ́kàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè lọ. Nígbà tó lọ, ó wá hàn pé télọ̀ tó gba iṣẹ́ ẹgbẹ́ tí kò dá aṣọ padà ni wọ́n ń bá wí nínú gúrúùpù. Ṣé ẹnikẹ́ni ò wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rárá ni? Ẹnì kan wà. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan níbi ìpàdé pé ẹni tó ń tún fóònù olówó ṣe kò ní owó aṣọ. Ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá ni, ó sì dun ọmọ náà, ó yẹ kó dùn ún. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹnì kan lọ́jọ́ kan kọ́ ni ẹnu gbogbo ẹgbẹ́ lójoojúmọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ ó fi òwe dá mi lóhùn pé ìfura loògùn àgbà. Òótọ́ ni. Nílẹ̀ tí a wà yìí, ẹni tí kò bá fura, àwọn oníjìbìtì á ta ilẹ̀ baba rẹ̀ mọ́ ọn lórí, ajẹ́ntì á gba owó físà Kánádà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì pa fóònù. Àmọ́ èmi tí mo ti pín oògùn fún aláìsàn mọ̀ pé gbogbo oògùn ló ní òṣùwọ̀n, èyí tó bá ju òṣùwọ̀n lọ ti di májèlé. Ìfura tó bọ́ sí i máa ń ní orúkọ, ọjọ́ àti ohun tí ẹni náà ṣe: Lágbájá gba owó mi lọ́jọ́ báyìí, ìwé rẹ̀ rèé. O lè gbé e lọ síwájú àwọn àgbà ilé tàbí ọlọ́pàá. Ìfura èkejì kì í ní orúkọ. "Wọ́n" ló máa ń jẹ́. Wọ́n ń wò mí. Wọ́n mọ̀. Wọn ò fẹ́ kí n dàgbà. Bí o bá ti ń gbọ́ "wọ́n" jù nínú ọkàn rẹ, yára bi ara rẹ ní ìbéèrè tí mo bi ọmọ tó ń tún fóònù ṣe náà: lẹ́nu ta lo ti gbọ́ ọ?

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ wa. Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Àrò ní 1954 lẹ́yìn tó kẹ́kọ̀ọ́ dé láti ìlú òyìnbó. Ní 1955 ó kọ ìwádìí gígùn kan nínú jọ́nà àwọn dókítà ọpọlọ ní Bìrìtìkó, lórí ipa tí àṣà ń kó nínú àìsàn ìfura láàárín àwa Yorùbá. Ẹ wò ó bí ó ti pẹ́ tó! Ohun tí mo rí ní wọ́ọ̀dù bá ohun tó lọ wádìí mu: ìfura lè bá ẹnikẹ́ni níbikíbi, ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn ti wá ló ń sọ irú ọ̀tá tó máa rí. Òyìnbó á ní ọlọ́pàá inú ló ń ṣọ́ òun. Ọmọ wa á ní ìyàwó bàbá òun ni, tàbí àǹtí kan tó fún òun ní ìkọ́kọrẹ́ jẹ níjọ́sí. Ọmọ ìsinsìnyí á ní wọ́n ti wọ inú fóònù òun. Mi ò bá yín jiyàn lórí àjẹ́ lónìí. Ohun tí mò ń wí ni pé ká tó máa wá ẹni tó ṣe é kiri àdúgbò, ká kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tí nǹkan ń ṣe náà ti kórìíra ara rẹ̀ ṣáájú kí ọ̀tá náà tó yọjú. Ọ̀pọ̀ àǹtí ni wọ́n ti bà lórúkọ jẹ́ lásán.

Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó bá wọn ṣiṣẹ́ ní Àrò, kọ̀wé ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí orí ń gbóná tí ó ń ta wọ́n, tí ojú ń ṣú, tí ìwé tí wọ́n ń kà kò sì wọlé mọ́. Ọmọ tí gbogbo ẹbí dáwó jọ rán níwèé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó máa ń wù mí kí ẹ̀yin òbí rántí ìyẹn, nítorí ẹ̀rù pé òun á já ẹbí kulẹ̀ lè jẹ́ ibi tí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Ẹ má ṣe rò pé ẹni tí ìfura bá ti mú ti ya wèrè. Ní 2005, Daniel Freeman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú òyìnbó bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó lé ní 1,200 léèrè. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló ní irú èrò yìí déédéé, ọ̀pọ̀ wọn sì ń lọ sí kíláàsì wọn bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Àmọ́ èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nẹ́dálándì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008. Wọ́n fún àwọn èèyàn ní aago ọwọ́ tó máa ń dún lójijì nígbà mélòó kan lóòjọ́. Bó bá ti dún, ibi yòówù kí o wà, ì báà jẹ́ inú bọ́ọ̀sì, o ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ bí o ṣe ka ara rẹ sí ní ìṣẹ́jú náà, àti bóyá o rò pé ẹnikẹ́ni ní ibi lọ́kàn sí ọ. Nígbà tí wọ́n ka ìwé gbogbo wọn, wọ́n rí i pé bí iyì tí ẹnì kan fún ara rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, ìfura rẹ̀ máa ń lọ sókè. Wọ́n tún rí nǹkan kejì: àwọn tí ìfura ń bá jà gan-an, iyì wọn kì í dúró sójú kan. Ó lè wà lókè láàárọ̀ kó sì ti já wálẹ̀ lọ́sàn-án.

Ẹ gbé ìyẹn wá sí Ìjẹ̀bú, ẹ wò ó bí kò bá wa mu. Ẹni tó jẹ́ pé lọ́jọ́ Sátidé tí onílù ń kì í tí wọ́n ń náwó fún un ló máa ń mọ̀ pé òun jẹ́ èèyàn, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i lọ́jọ́ Mọ́ńdè? Ọmọbìnrin tó gbé fọ́tò sórí Instagram, tó ń ka iye àwọn tó tẹ̀ ẹ́ pé ó dára, tí iye náà ò pé, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ń ṣe ìlara òun. Kì í ṣe àìní iyì nìkan ni ìṣòro wọn, ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí.

Ìgbéraga náà ò wo ọ̀rọ̀ yìí sàn. Richard Bentall, onímọ̀ kan ní Liverpool, ṣàlàyé ní àwọn ọdún 1990 pé ìfura máa ń jẹ́ ọ̀nà tí èèyàn fi ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀: kàkà kó sọ pé "èmi ni mo kùnà", á ní "àwọn ni wọn ò jẹ́". Ó fara jọ òótọ́, a kúkú mọ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Ṣùgbọ́n ìgbàlà náà kì í tọ́jọ́, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí ìfura wọn le jù ni wọ́n tún máa ń bá ìrẹ̀wẹ̀sì lára wọn. Àwọn onímọ̀ méjì mìíràn, Trower àti Chadwick, pín àwọn olùfura sí oríṣi méjì ní 1995. Oríṣi kan ní wọ́n ń fìyà jẹ òun láìṣẹ̀; irú wọn máa ń bínú, wọ́n máa ń pariwo. Oríṣi kejì gbà pé ìyà náà tọ́ sí òun, pé èèyàn burúkú lòun. Aláriwo ni gbogbo ilé máa ń sáré tọ̀. Èmi, oríṣi kejì tó dákẹ́ sí kọ̀rọ̀ ni mo máa ń bẹ̀rù fún.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká padà sórí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú ti ń wọn ara yín. Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tó gun orí ìtẹ́ ní 1960 tó sì wàjà ní July 2025, ló sọ ètò yìí jí tó fi di ohun tí gbogbo ayé ń wá wò. Kí ló fi ẹnì kan sínú ẹgbẹ́ Gbọ́baníyì tàbí Bọ́bakẹ́yẹ tàbí Ọbafùwàjì? Ọdún tí wọ́n bí i ni. Kì í ṣe owó, kì í ṣe mọ́tò, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ọmọ bíṣọ́ọ̀bù àti ọmọ aláàárù tí wọ́n jọ bí lásìkò kan náà, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n wà. Kò sẹ́ni tó lè gba ọjọ́ ìbí ọmọ tó ń tún fóònù ṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa la wá fi aṣọ àti ẹṣin bo ìpìlẹ̀ náà mọ́lẹ̀, tí ẹni tí kò rówó aṣọ fi ń rò pé wọ́n ti yọ òun kúrò láàárín àwọn tí wọ́n jọ bí.

Ẹ sì rántí Ojúde Ọba ọdún 2024, tí fọ́tò Alhaji Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba gbogbo ayé kan. Ìwọ̀sí ni ọ̀pọ̀ yín fi fọ́tò yẹn ṣe fún ara yín: ẹ wò ó, ẹ wo ara yín, ẹ kẹ́dùn. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló sọ fún àwọn oníròyìn lẹ́yìn náà pé ọ̀pọ̀ ọdún lòun ti fi ń bá àìsàn jẹjẹrẹ jà. Fọ́tò ò sọ ìyẹn. Ẹni tí ẹ ń fi ara yín wé, ìdajì rẹ̀ lẹ rí.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kàn yín níbí. Ọmọ mú ipò karùn-ún wálé, ẹ ní, "Ṣé orí méjì ni ẹni tó gba ipò kìíní ní?" Ẹ rò pé ẹ ń ṣí i lórí ni. Ọmọ náà á gbé ìbéèrè yẹn lọ sí yunifásítì, á gbé e lọ sí London, á gbé e wọ ilé ọkọ. Nígbà tó bá di ẹni ogójì ọdún, á ṣì máa ka iye orí tí ẹlòmíràn ní. Bẹ́ẹ̀ àwọn òbí àgbà wa kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó ki ọmọ ní oríkì, kó tiẹ̀ tó fọ ẹnu, kó tó ṣe ohunkóhun tó lè gbayì lé lórí. Ẹ ti fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ ń fún wọn ní fóònù.

Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń fa igbó ní ẹ̀yìn ilé, ẹ ní ó ń mú ara yín balẹ̀. Ní 2014 Freeman àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó èèyàn 121 jọ. Wọ́n fa èròjà inú igbó sínú iṣan àwọn kan, wọ́n fa omi lásán sí àwọn yòókù. Ìdajì àwọn tó gba èròjà igbó ni ìfura mú, ìdá 30 nínú 100 ni nínú àwọn tó gba omi. Nígbà tí wọ́n wá ọ̀nà tó gbà ṣẹlẹ̀, wọ́n rí i pé igbó náà kọ́kọ́ mú kí àwọn èèyàn náà máa ro ara wọn ní búburú, kí ọkàn wọn pòrúurùu, kí wọ́n máa dààmú. Láti ibẹ̀ ni ìfura ti wọlé. Àìsùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2017 wọ́n tọ́jú àìróorunsùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú 3,755 tí wọ́n kó jọ láti yunifásítì 26 ní ìlú òyìnbó, ìfura àwọn tí wọ́n tọ́jú sì dínkù. Nítorí náà bí o bá ń rí ọ̀tá ní aago méjì òru, pa fóònù, sùn. Má dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ kílẹ̀ tó mọ́.

Bílẹ̀ bá mọ́, lọ bi ẹni náà. Mo mọ̀ pé ó le. Má lọ pẹ̀lú ẹ̀sùn, má sọ pé "mo mọ̀ pé ẹ ń sọ̀rọ̀ mi." Sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ lánàá, ó ń dà mí láàmú, kí lẹ ní lọ́kàn?" Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ ló bá wí lóòótọ́, ó kéré tán o ti mọ ẹni tó sọ ọ́ àti ohun tó sọ. Bí o kò bá rówó aṣọ, wọ ti èṣí, lọ sí ìpàdé, jókòó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní wò ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, aṣọ tiwọn ni wọ́n ń ronú lé lórí. Ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ pẹ̀lú. Fóònù kan tó ti kú tí o sì jí i dìde níṣojú oníbàárà sàn fún iyì rẹ ju ogún ènìyàn tó ń sọ fún ọ pé o dára.

Àmọ́ ibì kan wà tí ìmọ̀ràn àgbà ò dé. Bí ẹnì kan ò bá ti sùn fún ọ̀pọ̀ oru, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, tó kọ oúnjẹ ilé nítorí ó ní májèlé wà níbẹ̀, tàbí tó ń sọ pé kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì, ẹ má ṣe wàásù fún un. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àrò wà ní Abẹ́òkúta níbẹ̀, kò jìnnà; dókítà ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín lè kọ ìwé tí wọ́n á fi gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ gbà á lójú ọ̀nà. Lámbò tí mo dárúkọ jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn láwọn abúlé tó yí Àrò ká, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra kí wọ́n bá a ṣiṣẹ́. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ẹbí sílẹ̀ tàbí kó fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀ kó tó gba oògùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń de ọmọ mọ́lẹ̀ nílé àdúrà pẹ̀lú ṣéènì, òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tí ìjọba buwọ́ lù ní January 2023 ti rọ́pò òfin wèrè àtijọ́, ó sì fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀.

Bó bá sì kọ̀ láti tẹ̀ lé yín lọ, tó ní ẹ̀yin náà wà lára àwọn tó ń lé òun, ẹ má bá a jiyàn pé irọ́ ni. Ẹ bi í ẹni tó ṣì lè fọkàn tán. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ku ẹnì kan ṣá, ẹ̀gbọ́n obìnrin tàbí olùkọ́ àtijọ́. Ẹ pe ẹni náà wá kó mú un lọ.